Ẹni Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Ilé ẹjọ́ ti dájọ́ ikú fún mi, wọ́n sì ti da ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí mo pè nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, mi ò kọ ọ́ kí ẹ lè ṣàánú mi. Ẹni tó yẹ ká ṣàánú ti wà nínú ilẹ̀, èmi ni mo sì rán an lọ síbẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ilé wa kò jìnnà sí Láfẹ́nwá. Ìyàwó mi ń ṣe àdìrẹ, èmi sì ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé iṣẹ́ kan lọ́nà Wásinmi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tó ku bí ọdún mẹ́fà kí máníjà wa fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá àgbà pè mí.

"O mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ," ó ní, "ṣùgbọ́n láìsí dìgírì, apá mi ò ká a. Lọ kàwé."

Báyìí ni mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń kọ́ ìmọ̀ mánéjímẹ́ǹtì lọ́jọ́ Sátidé. Mo ra báàgì tuntun. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Dádì, ṣé ẹ ti ṣe áṣáìmẹ́ǹtì yín?" Inú mi ń dùn.

Àṣà kan wà láàárín àwa tí à ń ṣiṣẹ́ tí a tún ń kàwé. Bí ẹnì kan kò bá lè wá, ẹlòmíràn á bá a fọwọ́ síwèé pé ó wá. A ò kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá, àánú la pè é. Ẹni tó ń bá mi fọwọ́ sí i ni Múfú, ọkùnrin kan tó ń ṣe fótókópì lẹ́nu géètì ilé ìwé. Ọdún mẹ́rin péré ni mo fi jù ú. Orí rẹ̀ pé gan-an, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ ti tètè kú, kò sì sẹ́ni tó rán an kọjá ìwé mẹ́wàá.

Ní Sátidé tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò wa fún káàdì ìdánimọ̀, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lọ. Mo ní kí Múfú bá mi bẹ̀ wọ́n. Nígbà tó pè mí padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò gbà o. Wọ́n ní òní ló kẹ́yìn. Mo ti bá yín jókòó síwájú kámẹ́rà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ló ń wo fọ́tò?"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ojú Múfú di ojú mi lọ́dọ̀ wọn. Òun nìkan ló lè wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lórúkọ mi. Kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Mo lè lọ jẹ́wọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú tì mí, ó sì tún rọ̀ mí lọ́rùn. Mo jẹ́ kí tèmi dàgbà títí tó fi ń gbẹbọ. Ọdún márùn-ún gbáko ni Múfú fi kàwé fún mi.

Nígbà tó yá, ẹ̀rù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó ń gé irùngbọ̀n bíi tèmi. Ó ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró tì í lẹ́nu géètì, obìnrin kan láti kíláàsì pe orúkọ mi. Àwa méjèèjì la dáhùn. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyá Ràfíátù ńkọ́?" ló bi Múfú.

"Àlàáfíà ni. Ìdí aró ló wà láti àárọ̀."

Ìyàwó mi ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn. Òótọ́ sì ni, ìdí aró ló wà láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ fún un.

Ìwé ẹ̀rí jáde, ó dára púpọ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára káàdì ni wọ́n gbé e fún. Mo pe Múfú, ó ní kí n wá bá òun níbi ihò kan tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti pa tì, tí omi òjò ti kún. Ibẹ̀ ló ti máa ń kàwé. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Ó jókòó sórí àpáta, ìwé náà wà lórí itan rẹ̀.

"Múfú, gbé e fún mi. Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá fẹ́ rí i."

Kò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gbé e fún yín, kí ni mo fẹ́ máa jẹ́?"

"Orúkọ tí baba ẹ sọ ẹ́."

"Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo nínú ohun tí a kọ́. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ máa mú un lọ."

Ó bi mí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn mi ló sì fi bi mí, pẹ̀lú ikọ́ àti gbogbo ẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, irin ti wà nínú báàgì mi kí n tó kúrò nílé. Nígbà tó yíjú sí omi, mo lù ú, ó sì ṣubú sínú omi. Mo mú ìwé ẹ̀rí tó bọ́ sórí àpáta, mo sì dúró títí omi fi tòrò. Mo délé kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, mo sì lọ kí i.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n yọ ọ́. Káàdì wà nínú àpò rẹ̀, orúkọ mi ló sì wà lára ẹ̀. Ilé ìwé sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì, wọ́n sì júwe ilé mi fún wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n kanlẹ̀kùn ilé mi, èmi ni mo ṣí i.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù o," ni obìnrin ẹnu géètì yẹn wí, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n olóògbé ni yín, àbí? Ẹ jọra."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ń sọ bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ tó le fún wọn, pé mi ò pa kíláàsì jẹ rí. Mo ń gbọ́ ọ. Ìyàwó mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, aró dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn kúnlẹ̀.

"Ìyá Ràfíátù, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Èèyàn dáadáa ni ọkọ yín."

Ó wò wọ́n, ó wò mí. "Ọkọ mi ló dúró yìí. Ta lẹ wá bá mi dárò ẹ̀?"

Ẹnì kan yọ fóònù, ó fi fọ́tò hàn án. Ìyàwó mi ní òun ò rí ẹni yẹn rí. Nígbà náà ni gbogbo wọn kọjú sí mi, ẹnì kan sì pe ọlọ́pàá. Abẹ́ ibùsùn mi ni ọlọ́pàá ti rí ìwé ẹ̀rí náà.

Ní kóòtù, ìyá Múfú kò ṣépè fún mi. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ mi gba dìgírì?" Mo ní òótọ́ ni. Ó fi ìborí bo ojú, ó sì sunkún títí wọ́n fi mú un jáde. Yunifásítì ti fagi lé ìwé náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ lọ sí kíláàsì, mo mọ bó ṣe ń rẹ̀ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jókòó síbi tí orúkọ yín wà, kí ẹ̀yin náà má sì bá ẹnikẹ́ni jókòó. Obìnrin kan nílé iṣẹ́ wa tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò, tó padà lọ kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òun ló wà lórí àga máníjà tí mo torí ẹ̀ pààyàn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á tún padà jókòó lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wo èmi, ẹ wo Múfú.