Ọmọ Mi Sọ Pé Mo Ti Rọ Lápá Rọ Lẹ́sẹ̀

Àwọn ará Àkúrẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí mi níbi òkú tàbí ìgbéyàwó títí di òní, wọ́n á di ọwọ́ mi mú tàánútàánú, wọ́n á ní, "Bàbá, a dúpẹ́ pé ẹ tún ń rìn." Kí ni kí n wí fún wọn? N kò ṣíwọ́ ìrìn rí láyé mi. Mo ṣì ń gun alùpùpù lọ sóko, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń hú ẹ̀gẹ́. Ọmọ bíbí inú mi ló sọ fún wọn pé mo ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ibi tí mo dúró sí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ Erinje lẹ́bàá Òkìtìpupa ni mí, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Nígbà tí ìyàwó mi kú, àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká. Morẹ́nikẹ́, àkọ́bí wa, ti wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́. Adébáyọ̀ lorúkọ ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó wá láti apá Ọ̀ṣun, ọmọlúàbí tó mọ ìkíni. Èmi nìkan ni mo ń gbé ilé ńlá náà, ó sì ti mọ́ mi lára. Ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Morẹ́nikẹ́ dé pẹ̀lú báàgì ńlá méjì. Ó ní, "Bàbá, mo wá tọ́jú yín ni. Ọkọ mi ti yọ̀ǹda mi." Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ta ni kò fẹ́ kí ọmọ òun se púpúrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, fún òun, kí ọbẹ̀ ẹja sì gbóná lé e? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ mi ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ yòókù. Ṣùgbọ́n òjò dá, ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé, Morẹ́nikẹ́ kò sọ̀rọ̀ lílọ. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ gbé e. Bí mo bá ní, "Ọkọ rẹ ńkọ́?" á ní, "Ó ń kí yín, Bàbá." Mo mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹyin bá wà lábẹ́ adìẹ, a kì í fi ìkánjú tì í dìde. Mo ń ṣe sùúrù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ń ti oko bọ̀, mo di ìdì ẹyìn kan mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Mo rí ọkọ̀ níwájú ilé mi. Adébáyọ̀ ló dúró ńbẹ̀, ó ń já àga onítáyà kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó dúró sáàárín, kò lọ sílẹ̀ tán, kò sì nàró.

Mo ní, "Adébáyọ̀, káàbọ̀. Ta ni o gbé àga yẹn wá fún?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ẹ kò lè dìde nílẹ̀. Wọ́n ní ẹnu yín ti wọ́, pé kí n má pè yín, pé dókítà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí yín."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Morẹ́nikẹ́ dúró ńbẹ̀, ó di férémù ìlẹ̀kùn mú, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo ní kí ọkọ rẹ̀ wọlé kó mu omi, mo sì pe ọmọ mi lọ sẹ́yìn ilé, níbi àjà tí a ti ń yan púpúrù. N kò pariwo. Mo kàn bi í pé kí ni mo ṣe fún un tó fi sọ mí di arọ.

Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ní mo sá kúrò nílé, ọ̀la ni wọn yóò wá mú mi padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹ̀yin lẹ ń ṣàìsàn, kò sẹ́ni tí yóò bi mí ní nǹkankan."

Ìgbà náà ló wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kó wá bá wọn, ó ní òun kò rí ọmọ gbé pọ̀n. Kò pẹ́ tó fi mú ọmọbìnrin kan wá láti ìlú wọn, ó fún un ní yàrá, ó sì ní kí Morẹ́nikẹ́ máa se oúnjẹ fún un. Gbogbo ilé mọ ohun tí wọ́n mú ọmọ náà wá fún. Mo bi í bóyá Adébáyọ̀ ti fọwọ́ kan ọmọ náà. Ó ní, "Kò fọwọ́ kàn án, Bàbá. Ṣùgbọ́n kò lé e. Ohun tó máa ń sọ ni pé kí n ṣe sùúrù, pé màmá òun ti dàgbà."

Mo padà sí pálọ̀, Morẹ́nikẹ́ tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Adébáyọ̀, n kò ṣàìsàn. Ọmọ mi purọ́ fún ọ, mo bẹ̀ ọ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní láti sọ bàbá rẹ̀ di arọ kó tó rí ibi sinmi, ilé tó ti wá ló yẹ kí o lọ yẹ̀ wò." Orí rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ pàṣẹ fún un kó máa tẹ̀lé mi." Mo ní òun nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, kó bi í fúnra rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ní òun kò lọ. Adébáyọ̀ gbé àga rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ó lọ ṣàtúnṣe. Ó dá ọmọbìnrin náà padà fáwọn òbí rẹ̀, ó mú ìyá tirẹ̀ padà sí ìlú wọn. Lẹ́yìn náà ló wá pẹ̀lú àwọn àgbà ẹbí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi náà sì ti Osooro wá jókòó pẹ̀lú wa. Morẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ní òun ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n òun kò tíì lè padà. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí mi, ó ní, "Kì í ṣe òun ni mo ń gbọ́. Ìwọ bàbá rẹ̀, pàṣẹ." Mo ní n kò ní pàṣẹ. Ó dìde, ó gbé fìlà rẹ̀, kò tún yà sílé mi láti ọjọ́ yẹn.

Morẹ́nikẹ́ kò pẹ́ lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìgbà náà. Ó rí iṣẹ́ olùkọ́ ní Òkìtìpupa, ó gba yàrá kan pẹ̀lú ilé ìdáná síbẹ̀. Ọjọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀ lọ dùn mí ju ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ, torí lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń wá wò mí ní Sátidé. Mo gbọ́ pé Adébáyọ̀ máa ń wá kí i níbẹ̀, pé ó ń kànlẹ̀kùn bí àlejò, ó sì ń dúró kí wọ́n tó ní kó wọlé. N kò bi ọmọ mi léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, bí èyí tó ti lọ bá tún gbé ẹrù dé, ẹ má kánjú bi í pé ọjọ́ wo ni yóò lọ. Ẹ wádìí ohun tó lé e wálé. Bó bá sì tó àkókò tí yóò tún jáde, bí ilé bá tilẹ̀ fẹ́ ṣófo mọ́ yín lórí, ẹ bá a gbé ẹrù.

Ní tèmi, mo ti pinnu pé n ó lọ sí Osooro láìpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni, n ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, n ó sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde tán, tó bá tún ní kí n pàṣẹ fún ọmọ mi, ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí náà ni n ó tún sọ.