Bí Oko Wa Ṣe Mọ́ Kí Sátidé Tó Dé

Ẹ bá mi yin Ọlúwa o! Ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i! Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ojú sì máa ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lónìí, aláìmoore ni mí.

Ìjì tó jà lóṣù tó kọjá kò yọ oko wa tó wà lọ́nà Ìdógò sílẹ̀. Igi ọsàn méjì wó, wọ́n bo ojú poro. Gbogbo ẹ̀gẹ́ wa dùbúlẹ̀, gbòǹgbò wọn yọ síta. Páànù ilé ṣí, ó já lu Màmá mi lápá. Dókítà ní Ìlaró sọ fún wọn pé, "Màmá, ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan fún oṣù méjì." Ó wá ku èmi nìkan!

Bàbá mi ti kú. Àbúrò wọn, Bàbá Kékeré, wá wo oko. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ yìí ju ọmọbìnrin lọ. Bí ilẹ̀ yìí ò bá mọ́ kí Sátidé tó dé, màá gbé e fún ẹni tó lè ro ó."

Mo ní, "Bàbá, yóò mọ́." Ohùn mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti àdá mi. Mo gé ẹ̀ka, mo wọ́ ọ dànù. Mo hú ẹ̀gẹ́, mo bó o, mo rẹ ẹ́ fún láfún kó má baà rà. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Síbẹ̀, igun kan péré ló mọ́.

Mo wá rántí pé mo wà nínú àáró àwọn obìnrin ìjọ, tí a ń ro oko ẹnìkan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la. Mo ti bá wọn ro oko mẹ́rin, kò tíì kàn mí. Ìjì dé, kálukú gbájú mọ́ tirẹ̀. Níbi àdúrà ọjọ́rú, mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àáró mi..." Ohùn ò jáde mọ́. Mo jókòó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo rí Ìyá Ìjọ àti obìnrin mẹ́sàn-án, wọ́n ru amọ̀!

Ìyá Ìjọ ní, "Níbo ni ààrò tó wó wà? A wá bá yín mọ ọ́n ni."

"Màmá, ààrò wa ò wó o. Àáró ni mo wí."

Ni ọ̀kan nínú wọn bá bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ ọmọ yìí! Ò ń sọ̀rọ̀ bí eku! Èmi tí mo ru amọ̀ láti àkùrọ̀ ńkọ́?"

Ìyá Ìjọ sọ amọ̀ kalẹ̀. Àwọn ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, wọ́n ní, "Àáró ọmọ yìí wà lọ́rùn wa, a gbàgbé. Ẹ lọ mú àdá yín wá."

Halelúyà! Wọ́n gé igi ọsàn, wọ́n yí i kúrò. A hú ẹ̀gẹ́ tó kù, a bó o, a rẹ ẹ́. A ṣa igi ẹ̀gẹ́ tó dára, a tún un gbìn. Amọ̀ yẹn, wọ́n fi dí ògiri tí òjò là. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

Ní Sátidé, Bàbá Kékeré rìn ín láti ìkángun dé ìkángun. Wọ́n bi mí pé, "Ta ló ṣe é?"

Mo ní, "Bàbá, àáró mi ni." Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi já gaara.

Wọ́n mi orí. "Ó dáa. Máa ro ó lọ. Oko bàbá rẹ ni."

Jésù, mo dúpẹ́ o! Ìyá Ìjọ, ẹ ṣé, ẹ̀yin ìyá mi gbogbo, ẹ ṣé! Ìwọ tí ìṣòro wọ̀ lọ́rùn, má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀. La ẹnu rẹ, bí ohùn rẹ tilẹ̀ ń gbọ̀n. Bí èèyàn bá ṣì ọ́ gbọ́, Ọlọ́run kò ní ṣì ọ́ gbọ́.