Àwòrán Bàbá Sìkírá Tí Mo Pa Ojú Rẹ̀ Dé

Ẹ bá mi kígbe, ẹ̀yin ará Ìkòròdú: Ọlọ́run wa kì í sùn! Mi ò gbọ́ yín dáadáa o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní èbúté! Ògo ni fún Jésù! Ẹ ṣé. Ẹ jókòó, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni ó yẹ kí n dúró.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Tísà Rèbékà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín. Ní Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bí mi sí, Ràbíátù ni wọ́n ṣì ń pè mí títí dòní. Mo ti bímọ mẹ́ta kí n tó sọ pé mo fẹ́ lọ kọ́ àwòrán yíyà àti iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Ékòó. Ẹ̀yin náà kúkú fi mí ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹ ní, "Tísà, ṣé ìwé tí ẹ kà ò tíì tó ni?" Ọkọ mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, òun ló ní, "Máa lọ o. Ṣùgbọ́n tó o bá dé, kó o ya ọbẹ̀ fún wa jẹ."

Mo lọ. Àwọn ọmọdé tí a jọ wà ní kíláàsì ń pè mí ní Màmá. Ọwọ́ mi le koko, ṣùgbọ́n Ọlọ́run rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ yìn ín!

Nígbà tó yá, ọ̀gá wa, òyìnbó obìnrin kan, ní kí kálukú lọ ya ojú ẹni tó mọ̀ dáadáa. Ẹni tí mo mọ̀ jù láyé ni Bàbá Sìkírá, àbúrò bàbá mi, apẹja ní Ẹ̀pẹ́. Bàbá tó bí mi ti kú kí n tó gbọ́n. Bàbá Sìkírá ló tọ́ mi, àwọn ló rán mi níléèwé. Nígbà tí mo gba Jésù tí gbogbo ilé ń bínú, àwọn nìkan ni ò bá mi jà. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọn kì í fi ìrun kíkí ṣeré.

Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ yà wọ́n, wọ́n mi orí. "Ràbí, èèyàn kì í ya ohun tó ní ẹ̀mí. Lọ́jọ́ Alukìyámà, wọ́n á ní kó o mí ẹ̀mí sí i. Kí lo máa wí?" Mo bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n ronú, wọ́n ní, "Ó dáa. Má ya ojú tó ń ríran. Pa ojú náà dé. Ohun tí kò bá ríran, kò tíì pé èèyàn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Wọ́n jókòó sétí omi, wọ́n di ojú, mo ń yà. Mo ya fìlà wọn, mo ya irùngbọ̀n, mo ya àpá tí ìwọ̀ ẹja dá sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètè. Èmi àti wọn rò pé ọgbọ́n la dá. Àfi bí ìyàwó wọn, Ìyá Sìkírá, ṣe ti ìdí ẹja tí wọ́n ń yan jáde, tí wọ́n rí bébà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n kígbe: "Àsìtàgàfúrúlàhì! Ta ló kú?"

A rẹ́rìn-ín. Bàbá Sìkírá ló rẹ́rìn-ín jù. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àyà mi já.

Mo gbé àwòrán náà dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀gá wa fi í kọ́ ara ògiri. Kò pẹ́ rárá ni ìròyìn dé bá mi. Ìjì jà lórí ọ̀sà. Bàbá Sìkírá lọ wo àwọ̀n wọn, wọn ò padà. Wọ́n rí ọkọ̀ wọn, ó dojú dé. Wọn ò rí Bàbá Sìkírá.

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ bí mo ṣe dé Ẹ̀pẹ́. Ìyá Sìkírá dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. "Ìwọ lo pa ojú ẹ̀ dé! Ọkọ mi tó ń ríran, ìwọ lo pa ojú ẹ̀ dé! Lọ gbé bébà yẹn wá, kí Àáfà gbàdúrà sí i, ká fi omi fọ̀ ọ́ nù!" Olórí ẹbí wa ò pariwo, tiwọn ló sì dùn mí jù. Wọ́n ní, "Ràbí, bí a ò bá rí i, má wulẹ̀ padà wá sílé yìí mọ́."

Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Mo mọ̀ pé bébà ò lè pa èèyàn. Ẹnu mi mọ̀ ọ́n. Àyà mi ò mọ̀ ọ́n! Jésù, ẹ̀rù bà mí! Mo dé kíláàsì, mo gbójú sókè wo ògiri, òkú ni mo rí. Mo bọ́ ọ sílẹ̀. Ọ̀gá wa ní, "Kí ló ṣe ọ́? Iṣẹ́ tó dára jù tó o ṣe nìyí. Tó o bá bà á jẹ́, kí la máa fi hàn nígbà ìdánwò?" Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo ká a, mo wọ ọkọ̀ ojú omi.

A gúnlẹ̀ sí èbúté Ìkòròdú níbí, kí n lè wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Òjò ń kán. Mo tú bébà náà wò bóyá ó ti tutù. Àní ó ń ṣe mí bíi kí n jù ú sómi, kí n sì sá lọ síbi tí ẹnì kankan ò mọ̀ mí. Obìnrin kan dúró tì mí, ó ru aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́rù. Ó ń fọṣọ fún ọsibítù. Ó na ọrùn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló bá wa ya bàbá wa?"

Mo ní, "Bàbá yín wo?"

"Bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọlọ́kọ̀ igi ìdáná ló gbé wọn látinú ọ̀sà wá. Wọn ò lajú, wọn ò sọ̀rọ̀, a ò mọ orúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe ń sùn gẹ́lẹ́ nìyí."

Haléluyà! Ẹ ò gbọ́ mi ni? Obìnrin yẹn ò rí ojú Bàbá Sìkírá ní lílà rí! Ká ní mo ya ojú tó ń ríran ni, ì bá kọjá lọ!

Mo sáré. Àwọn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ara wọn tutù, ojú wọn wà ní pípadé bí mo ṣe yà á. Dókítà ní, "Orí ló fi gbá nǹkan. Mi ò lè ṣèlérí o. Ẹ máa pè é lórúkọ, bóyá ó máa gbọ́." Mo pè: "Bàbá Sìkírá! Bàbá Sìkírá!" Wọn ò mira. Mo ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́. Ìyá Sìkírá dé, wọn ò wo ibi tí mo wà. Wọ́n jókòó sápá kejì bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń ṣe àdúà tiwọn, èmi ń gba tèmi ní orúkọ Jésù. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹnì kejì dákẹ́. A jọ ń pè: "Bàbá Sìkírá!"

Dókítà ní, "Ṣé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn?"

A wo ara wa. Ta ló jẹ́ pe bàbá rẹ̀ lórúkọ? Ìyàwó wo ló jẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ gan-an? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ìyá Sìkírá níyàwó, orúkọ yẹn ò tẹnu wọn jáde rí. Wọ́n dìde. Wọ́n ní, "Ọlọ́run, foríjì mí." Wọ́n bá lọgun: "Ràjí! Ràjí! O ò gbọ́ ni? Dìde!"

Bàbá Sìkírá lajú. Wọ́n wò yí ká, wọ́n fajú ro. "Ta ló ń pè mí lórúkọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ pàtẹ́wọ́ wàyí! Ẹ fò sókè! Mo ṣubú lulẹ̀, Ìyá Sìkírá ṣubú lé mi, a ń sunkún, a ń rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì ń lé wa jáde.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n wà báyìí, wọ́n ti ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Mo ní kí n tún wọn yà, kí n la ojú rẹ̀. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú yẹn ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀." Ìyá Sìkírá ò bẹ̀ mí. Wọ́n kàn gbé àpótí wá, wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n sì di ojú. "Ó yá. Ya èmi náà."

Jésù, o ṣé! Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ igi tí mi ò mọ̀, Ọlọ́run á gbé yín gúnlẹ̀. Obìnrin afọṣọ, wàá rí ayọ̀. Ẹ̀yin ará mi tí ẹ̀rù ń bà lónìí, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má bẹ̀rù. Ẹ̀rù bà mí láti Èkó dé Ìkòròdú, mi ò ní ìgbàgbọ́ kankan lápò. Ẹ bẹ̀rù, kí ẹ máa lọ. Ibi tí mo rò pé mo ń gbé òkú lọ, ibẹ̀ ni mo ti bá bàbá mi láàyè.