Ẹ̀rín Tí Ó Ń Gbé Mì

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí mo wọ mọ́tò láti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, tí mo jókòó ti bàbá àgbẹ̀ kan tó ń sin ọmọ rẹ̀ obìnrin padà sí yunifásítì.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "ìyá rẹ ní o ò rẹ́rìn-ín rárá ní gbogbo ìgbà tí o fi wà ní ulé. Ìwọ tí a máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ láti ojúde! Ṣé ẹnìkan ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Àbí oúnjẹ ni kò tó?"

"Kò tó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti mọ́ mi lára." Ó tún ní: "Bàbá, ẹ ta oko kòkó yín kí n lè san owó ilé ìwé. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń ṣàwàdà, tí ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣe ló máa ń dà bíi pé oko yín ni mò ń fi ẹ̀rín ná. Mo máa ń gbé e mì ni."

Oko yín ni mò ń fi ẹ̀rín ná! Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Bàbá dá a lóhùn: "Ná an, ọmọ mi. Ohun tí mo tà á fún nìyẹn."

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín fún un, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu.