Ọ̀rọ̀ Pẹ́ńsù tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka búlọ́ọ̀gì mi láti ọdún mẹ́ta, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí n kò lè gbé mì mọ́. Gbogbo ohun tí ẹ ti ń yìn mí fún nípa ìwé kíkà, kì í ṣe tèmi. Èmi Ayọ̀díjí, ọmọ Ìkìrun, olè ni mí. Mo jí èrò ẹlòmíràn, mo sì ba orúkọ ẹni tó ni ín jẹ́. Ó ṣì ń ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé mo lè ṣe irú rẹ̀.

Ní ọdún tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní yunifásítì, mo wà nílé, ara mi kò sì balẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ àti gbogbo ohun tó bá ta kókó, n kò rí nǹkan tú. Ni ìyá mi bá ní kí n lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àkànjí ní Ìnísà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n kó ìwé ìtàn kún pálọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni ló sì lè yá a, bó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo yá dá lórí ọmọbìnrin kan tó sá kúrò nílé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Kí n má parọ́, ìtàn náà sú mi. Ohun tó dùn mọ́ mi ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ẹnìkan fi pẹ́ńsù kọ sí etí ìwé. "Kí ló dé tí ìyá yìí ń rẹ́rìn-ín nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣàwàdà?" "Òjò máa ń rọ̀ kí bàbá yìí tó parọ́. Ẹ padà lọ wò ó." Ẹnu yà mí. Mo ti ka àwọn ojú ewé yẹn, n kò rí òjò kankan.

Mo gbé ọ̀rọ̀ òjò yẹn sórí búlọ́ọ̀gì mi bí ẹni pé èmi ni mo rí i. Láàárín ọjọ́ méjì, ẹ ti pín in káàkiri. Ẹnìkan láti Èkó kọ̀wé pé, "Díjí, ojú àṣá lo fi ń kàwé!" Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú kò tì mí. Mo padà sí Ìnísà, mo yá òmíràn, mo tún yá òmíràn. Nígbà tó yá, n kì í ka ìtàn mọ́, etí ìwé nìkan ni mò ń kà. Ẹ̀yin sì ń sọ pé mò ń dàgbà nínú ìwé kíkà.

Ẹ má rò pé n kò mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi ìwé àkọsílẹ̀ Bàbá wádìí rẹ̀, bí ẹni ń já àlọ́. Nínú gbogbo ìwé tó ní ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù, orúkọ kan ló máa ń ṣáájú tèmi: Rùkáyátù, Òkukù. Bàbá ní aránṣọ ni, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò bọ́ sí i. Inú mi dùn pé mo rí ìdáhùn. Ohun tí mo fi ìdáhùn náà ṣe kò ju ìdùnnú yẹn lọ.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ní Ìbàdàn fẹ́ mú ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa kọ́ ní iṣẹ́ àyẹ̀wò ìwé fún ọdún kan, tilé toúnjẹ. Rùkáyátù ni wọ́n mú. Bí wọ́n ṣe gbé ohun tó kọ jáde báyìí, àwọn òǹkàwé mi figbe ta: "Ọ̀rọ̀ Díjí rèé!" Ẹgbẹ́ náà kọ̀wé bi mí pé ta ló ni ín. Olúwadàmọ́lá, tí a jọ ń gbé yàrá kan ní yunifásítì, tó sì mọ gbogbo rẹ̀, ní, "Fèsì kíákíá, jàre. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pariwo olè, wọn kì í yẹ àpò rẹ̀ wò." Mo fèsì pé èmi ni mo ni ín, kí wọ́n wo ọjọ́ tó wà lórí búlọ́ọ̀gì mi. Rùkáyátù ní ẹ̀rí òun wà nínú àwọn ìwé Bàbá Àkànjí. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé Ìnísà, pẹ̀lú rọ́bà méjì tí wọ́n fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nínú àpò mi. Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. "Díjí ọmọ mi, o tún wá kàwé? Ojú tìẹ á bá ẹ kalẹ́." Mo ní, "Àmín, sà." Mo jókòó sí pálọ̀ wọn, mò ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́, wọ́n sì ń kọ orin ìjọ wọn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú ìwé tó kẹ́yìn, ní ojú ewé tí n kò kà dé rí, mo bá èyí: "Ayọ̀díjí, mo rí orúkọ rẹ lẹ́yìn tèmi. Ìwọ nìkan lò ń ka àwọn ìwé yìí tẹ̀lé mi. Ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí. Kí ló dé tí o kì í dáhùn? Kí ni ìwọ rò?" Mo wo Bàbá. Mo wo rọ́bà ọwọ́ mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pa á rẹ́.

Ní Sátidé, ewé funfun ni wọ́n bá. Wọ́n gba àyè náà lọ́wọ́ Rùkáyátù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé ìwé kan lé itan, wọ́n ń fi ìka wọ́ etí rẹ̀. "Kà á fún mi." Mo ní, "Kò sí nǹkan níbẹ̀, sà." Wọ́n mi orí. "Àná ni mo gbé e láti nu eruku rẹ̀. Ọmọ yẹn máa ń tẹ pẹ́ńsù mọ́wèé bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ojú mi ló fọ́, Díjí. Ìka mi ò fọ́." Wọ́n ní, "Lọ sí Òkukù. Lọ dá ọmọ náà lóhùn."

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bá Rùkáyátù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò dá ẹ̀rọ dúró. "Dìde ńlẹ̀. Orí aṣọ oníbàárà mi lo dọ̀bálẹ̀ sí." Nígbà tó yá, ó ní, "Láti ọjọ́ ọ̀rọ̀ òjò yẹn ni mo ti mọ̀. Mo ní bóyá ojú ló ń tì ẹ́, bó bá yá, wàá fi tìẹ kún un." Kò sí ìgbátí tó lè dùn mí ju ìyẹn lọ. Ó ní, "Ọmọ inú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, tó sá nílé. Mo kọ ìbéèrè sí i: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò wá a? Kí lo rò?" Mo la ẹnu, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta lórí búlọ́ọ̀gì, n kò ní èrò kan ṣoṣo. "Ṣé o rí i? Má bẹ̀ mí. Lọ kàwé."

Mo ti kọ òtítọ́ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Wọn ò tíì fèsì, ọjọ́ Ajé sì ni iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ pín èyí bí ẹ ṣe pín ọ̀rọ̀ òjò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ nǹkan, òmùgọ̀ tó sọ tẹnu ara rẹ̀ sàn ju èmi lọ.

Rùkáyátù, mo ti ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Etí rẹ̀ funfun, kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́. Mo fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn síbi tí mo ti pa ìbéèrè rẹ nípa ọmọ tó sá nílé rẹ́: Ẹni tó mọ ibi tí ọmọ náà wà ló ń bẹ̀rù jù pé wọ́n máa rí i.