Èmi Ni Mo Fi Ọ̀rọ̀ Sí Ìyá Oníwáyà Lẹ́nu

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó kú. Dókítà kò fẹ́ kí n kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ mo ní kí wọ́n gbé mi wá síbí, kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mama, ẹ jẹ́ kí n máa bá àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́, torí mi ò lójú tí màá fi wò yín. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ mọ̀ pé èmi ni mo máa ń ṣe fídíò ìkọ́ni ilé ẹ̀kọ́ yìí. Mama tí à ń pè ní Ìyá Oníwáyà ló ń kọ́ yín níṣẹ́ iná mànàmáná nígbà náà. Wọn kì í fọwọ́ kan wáyà láìkọ́kọ́ rìn lọ sídìí súìṣì ńlá ara ògiri, kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi tẹ́sítà yẹ wáyà wò bóyá iná ṣì wà nínú rẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá ń rojọ́ nídìí iná, ikú ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi rèé nídìí kámẹ́rà, tí mò ń kùn pé arúgbó yìí tún ti rìn kúrò nínú àwòrán.

Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní òun fẹ́ ogójì ẹ̀kọ́ kí oṣù tó parí, mo kó ojú àti ohùn Mama sínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó bá mi ṣe Mama mìíràn. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Wọn kì í sáà wo fídíò ara wọn, ojú máa ń tì wọ́n. Kọ̀ǹpútà ṣe é pé pérépéré, títí dórí bí wọ́n ṣe ń ti awò ojú wọn sókè. Àmọ́ Mama inú kọ̀ǹpútà ò lẹ́sẹ̀, àyà ló mọ sí. Kò lè rìn lọ sídìí súìṣì, mo bá yọ ibẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún un. Mo ní ta ni ò mọ̀ pé èèyàn ń paná kó tó fọwọ́ kan wáyà? Òmùgọ̀ ni mí. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, kí ló tún ń wo fídíò fún?

Ọmọbìnrin kan nínú yín wò ó nílé. Ohùn Mama ní, "Di wáyà náà mú." Ó dì í mú, iná sì gbé e. Ọlọ́run yọ ọ́, àmọ́ ìka mẹ́ta lọ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní, "Mama ló ní kí n dì í mú. Mama ò ṣì mí lọ́nà rí."

Wọ́n pe Mama sí ọ́fíìsì. "Èmi kẹ̀? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi!" Ọ̀gá tan fídíò. Mama rí ojú ara wọn, wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn. Wọ́n yíjú sí mi. "Ọmọ mi, ìwọ lo wà nídìí kámẹ́rà. Ṣé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Àbí mo ti ń ṣarán ni?"

Ibi tí mo ti burú ju èṣù lọ nìyí o. Mo wò wọ́n lójú kòrókòró, mo ní, "Ẹ̀yin ni, Mà. Ó jọ pé ó rẹ̀ yín lọ́jọ́ náà ni." Wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n lọ fi omijé bẹ ìyá ọmọ náà, èmi ni mo sì fi mọ́tò gbé wọn lọ. Háà! Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọdún mẹ́ta rèé. Mo fẹ́ gbé e wọ sàréè ni, kí àbúrò Mama tó wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bèèrè àlàáfíà wọn. Ó mí kanlẹ̀. "Wọn kì í dá sítóòfù tàn mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fọkàn tán orí àwọn. Obìnrin tó fa wáyà sí ìdajì ilé àdúgbò wa!" Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Mo ti kó gbogbo fídíò tí Mama ṣe gan-an fún ọ̀gá, àti ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ọmọ mi tí ìka rẹ lọ, èmi ni kó o máa bínú sí. Mama, ẹ ò sọ ọ́. Ẹ ò ṣarán. Èmi ni mo purọ́ mọ́ yín. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá délé, ẹ ní kí gbogbo wọn jáde. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ wọ ilé ìdáná, Mà, kí ẹ sì tan sítóòfù.