Ìran Tí Mi Ò Rí ní Chadwell Heath

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lé lógún. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ṣí aṣọ lójú òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ mi sí, ní ìjọ Aládùúrà wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Èmi ni Bàbá Ìjọ. Èmi ni mo kó ìdílé mẹ́fà kúrò ní Peckham wá sí Chadwell Heath, nílùú òyìnbó níbí, níbi tí a ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kù sí Peckham ní a máa padà láàárín oṣù mẹ́ta. Lónìí, ẹni tó bá pẹ́ dé ìjọ wa, ìdúró ló máa dúró. Orí mi ń wú, mi ò ní purọ́.

Mo jẹ́rìí nígbà náà pé mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, áńgẹ́lì sì fi gbọ̀ngàn wa hàn mí. Ààwẹ̀ náà, mo gbà á. Áńgẹ́lì kankan ò wá. Màmá Délé, ọmọ ìjọ wa tó ń ti Peckham lọ ṣe kílínà níbẹ̀, ló pè mí: "Brother, hall kan wà níbi iṣẹ́ mi, wọ́n fẹ́ rent ẹ̀ out. Ẹ wá wò ó."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ta ló máa kó ẹrù tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kílínà? Ìran làwọn èèyàn wa ń tẹ̀ lé. Màmá Délé gan-an ló ṣe àmín jù. Ó rò pé Ọlọ́run ti fi hàn mí kí òun tó pè.

Lóṣù tó kọjá, mo yá ìwé kan ní láíbìrì, ìtàn ọkùnrin kan tó la ọ̀nà gba orí òkè Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, tó sì di gómìnà lọ́hùn-ún. Ìgboyà rẹ̀ wù mí, àfi bíi pé èmi ni wọ́n ń kọ. Ìgbà tó yá ni mo kà á pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ló mú un gba ọ̀nà náà. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òkè kan. Wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ àwọn tó mú un lọ sínú ìwé. Mo pa ìwé náà dé.

Mo lọ sílé Màmá Délé ní Mayesbrook láti jẹ́wọ́. Kí n tó lanu, ó ní, "Bàbá, ìran yín yẹn ni mo fi ń gbàdúrà till today." Mo jẹ ìrẹsì tó gbé fún mi, mo padà sílé.

Mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lára òkúta yẹn, kó ṣáájú tèmi. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ìdí rẹ̀, àdúrà ogún ọdún ni mo fẹ́ bà jẹ́ fún un. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n yọ orúkọ tèmi kúrò, nítorí èmi náà ni mo kó wọn wá.